Aṣọ Tí Aró Ò Ráàyè Wọ̀

Kí ni màá fi hàn wọ́n? Wọn á kírun Alásàrì tán ni, wọn á sì dé — Bọ̀dá Láwàlì àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fújì rẹ̀ láti Láfẹ́nwá, àti Bọ̀dá Herbert onífọ́tò láti Ìbarà, pẹ̀lú kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń gbé bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Wọn á dúró sí àgbàlá wa yìí, wọn á ní, Àsíátù, aṣọ dà? Aṣọ rèé. Ó wà lórí okùn. Ó fẹ̀ bí ògiri mọ́ṣáláṣí. Kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Rárá, irọ́ ni. Gbogbo nǹkan ló wà lára rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ṣe é... Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, ojú ò sì rí ẹyọ kan.

Mi ò sunkún. Inú ló ń bí mi. Ẹ̀kọ gbígbẹ tí mo ha kúrò lára aṣọ láàárọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi, mo ń fi eyín yọ ọ́, mo ń tu ú sílẹ̀, ó korò. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í wọ ibẹ̀. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọmọ tó ń rá nínú àgbàlá aláró mọ̀ ọ́n. Ibi tí o bá fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ sí, ibẹ̀ á wà ní funfun. Ibi tí o bá fi sílẹ̀ ni aró máa mu, tí á dú, tí àwòrán á fi yọ. Èmi mọ̀ ọ́n ju orúkọ mi lọ. Mo wá jókòó, mo ń tọ ọ́, mo ń tọ ọ́, títí ilẹ̀ fi tán lára aṣọ. Aró dé, aró ò rílé wọ̀. Ó rọra fi ara kan etí ẹ̀kọ, ó padà sínú ìkòkò. Ohun tó ṣẹ́ kù ló wà lókè yẹn: funfun tó ṣú, bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo, pẹ̀lú àwọn ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín níbi tí ẹ̀kọ ti sán.

Láwàlì ló kó bá mi.

Òun ni. Ta ni màá tún sọ pé ó jẹ́? Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó wọ agbádá tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ góòlù ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn, lọ́wọ́, lẹ́yìn, ó wọ jígí dúdú wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó ṣókùnkùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé adìyẹ lórí. Ó ní, "Àsíátù, à ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ aṣọ tí a ó ta sẹ́yìn wa, tí Herbert á fi yà wá, fọ́tò tó máa wà lójú páálí. Mi ò fẹ́ ti Ìyá o. Ti Ìyá dára, àmọ́ ó dákẹ́ jù. Èyí tó ń pariwo ni mo fẹ́."

Mi ò fẹ́ ti Ìyá o.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára. Ó dùn mọ́ mi. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan bí ẹni tó rí nǹkan he. Torí Ìyá — ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi ni, òun ló tọ́ mi, òun ló kọ́ mi níṣẹ́, Bùsírátù lọmọ tó bí, Ìyá Bùsírátù ni gbogbo ẹni tó ń rajà aṣọ ní Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n sí. Aṣọ tó bá ti àgbàlá yìí jáde, aṣọ Ìyá Bùsírátù ni. Ìbáà jẹ́ èmi ni mo ya á, èmi ni mo rẹ ẹ́, èmi ni mo sá a, èmi ni mo ha á. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ní, háà, ọwọ́ Ìyá mà dára o. Màá wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi á dúdú dé ìgúnpá. Wọ́n á ní kí n bá wọn bu omi mu.

Ẹnìkan wá ní èmi lòun fẹ́. Ojú páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n á gbé e kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́nwá, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ojú gbogbo ayé á sì wà lára aṣọ mi. Ẹni tó bá bi Láwàlì pé ta ló ṣe é — ó ṣèlérí fún mi — á ní Àsíátù ni.

Ó wá ń wá. Ó ń wá ṣáá. "Fi kún un." Mo ti fi maikirofóònù sí i, mo ti fi gìtá sí i, mo ti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sáàárín. Ó ní kí n fi rélùwéè sí i, èyí tó ń gba orí afárá Láfẹ́nwá kọjá. Mo fi í sí i. Ó ní bàálù ńkọ́?

"Bàálù kẹ̀, Bọ̀dá?"

"A máa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù."

"Ẹ ti débẹ̀ rí ni?"

"A ó débẹ̀. Aṣọ ni kó ṣáájú wa lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi bàálù sí i. Inú ń bí mi sí ẹ̀rín yẹn báyìí. Inú ń bí mi sí jígí dúdú rẹ̀, sí bàtà rẹ̀ onígìgísẹ̀ bíi ti obìnrin, sí kásẹ́ẹ̀tì tó fún mi pé kí n máa gbọ́ bí mo bá ń ṣiṣẹ́ kí ẹ̀mí orin náà lè bà lé mi. Ẹ̀mí wo? Nígbà tó ń ṣe wéré, tó ń jí wa fún sààrì lóṣù Ààwẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pẹ̀lú sákárà kan, a máa ń gbọ́ ọ láti ìdí àpáta. Ó máa ń pe orúkọ àwọn òkú àgbàlá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá mi wà níbẹ̀, Ìyá á dáwọ́ dúró pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń yé èèyàn. Nísinsìnyí ó ti fi gìtá sí i, ó fi dùùrù oníná sí i, ó fi fèrè sí i, ó fi àwọn ọmọbìnrin tó ń gbe orin sí i, ó fi ẹ̀rọ kan sí i tó ń sọ ohùn ẹnìkan di ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn títí, mi ò mọ ohun tó ń wí. Ìyá ti inú yàrá béèrè lọ́jọ́ kan, kò tilẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, "Àsíátù, ta ni wọ́n ń lù níbẹ̀ yẹn?"

Bùsírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ayé fi-kún-un la wà, kì í ṣe Láwàlì nìkan. Wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá, wọ́n ti ya kìnnìún sí i, wọ́n ya ejò sí i, wọ́n kọ àdúrà sí i, wọ́n so ìrù ẹṣin mọ́ ọn, awakọ̀ ò ríwájú mọ́. Wo ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ìbarà, bí òpó rẹ̀ ti ń yọ lára òpó. Wo àwọn oníkàǹpálà lọ́jà, kẹ́míkà lọ́tùn-ún, kẹ́míkà lósì, àwọ̀ ewé lórí àwọ̀ osàn lórí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ọjà wọn sì ń tà. Àwọn oníbàárà á kọjá níwájú àtẹ wa, wọ́n á kí wa dáadáa, ẹ kú ọjà o, wọ́n á kọjá sọ́hùn-ún. Aṣọ aró ti dákẹ́ jù fún wọn. Ṣé kí n jókòó kí n máa wò wọ́n ni? Kí n di arúgbó nídìí ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò ní wá sí ìdí rẹ̀ mọ́? Mo ní, tí ariwo lẹ ń fẹ́, mo ní i. Ìkòkò kan náà ni mo máa fi pa á, ewé ẹ̀lú kan náà. Màá pariwo nínú aró.

Kí ló burú nínú ìyẹn? Kò sóhun tó burú. Mi ò ní parọ́ fún ara mi: mo fẹ́ràn kó kún. Ọjà tó kún ló ń dùn. Èmi ò fẹ́ràn ilé tí èèyàn kan jókòó sí ṣoṣo.

Bùsírátù. Ah, Bùsírátù. Bí mo ti ń ha ẹ̀kọ kúrò láàárọ̀, tí funfun ń jáde tẹ̀lé funfun, tí mo ń sọ lọ́kàn mi pé ó máa yọ, ó kù síwájú, ó máa yọ — òun ló wá dúró sẹ́yìn mi, ó ń jẹ mọ́sà. Ó wò ó. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ló kú?"

Mo ń ha ẹ̀kọ lọ.

"Mo ní ta ló kú, Àsíátù. Ṣé Láwàlì mọ̀ pé aṣọ ìsìnkú lo ń ṣe fún un? Ó yẹ ká wọn gíga rẹ̀ o. Jígí yẹn náà, ṣé wọ́n á sin ín mọ́ ọn ni?"

Mo gbé korobá omi. Ọlọ́run ló dì mí mú. Ó sá, àmọ́ kò sá jìnnà, torí Bùsírátù kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ilẹ̀kùn. Ó padà wá jókòó lórí odó, ó jẹ mọ́sà rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó wá ń fi ohùn ilé sọ̀rọ̀. Ó ní, "Gbọ́. Ìyá ní ọ̀kan nínú àpótí. Èyí tó ṣe nígbà oyún mi, tí kò tà. Ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Mú un. Ta á sẹ́yìn wọn. Láwàlì wo ló máa mọ̀? Ọmọkùnrin tó ń wọ jígí wọlé. Herbert á ya fọ́tò, wọ́n á lọ, orúkọ rẹ á sì wà níbẹ̀."

Mo yíjú sí Ìyá. Ó wà nídìí ìkòkò aró, ó ń fi ọ̀pá rò ó, kò wò wá. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ wí. Ìyá ní, "Kọ́kọ́rọ́ wà lórí àga." Ó ní bẹ́ẹ̀, ó sì ń rò ó lọ.

Kọ́kọ́rọ́ wà lórí àga. Bí ẹni ní iyọ̀ wà nínú igbá. Ó bà mí nínú jẹ́ ju ẹ̀fẹ̀ Bùsírátù lọ. Ì bá bú mi. Ì bá ní, mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Ì bá pàtẹ́wọ́. Kò ṣe ọ̀kankan. Aṣọ tó fi pamọ́ láti ìgbà oyún ọmọ rẹ̀, ó ní kí n gbé e, kí n fi orúkọ mi sí i. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá dá a lójú pé ohun gbogbo tó wà nínú ilé yìí, tirẹ̀ ni, títí dé orí orúkọ mi. Òun ni ẹni tó lè fún èèyàn báyẹn, láìbojúwẹ̀yìn.

Ó sì rí i. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹni tó ti ń pa aró kí wọ́n tó bí mi rí mi lórí ẹní, lójoojúmọ́, tí mo ń tọ ẹ̀kọ sí ààyè tó kù, ó rí i pé ilẹ̀ ń tán, kò sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí n já ni. Ó fẹ́ kí n já, kí n mọ̀ pé —

Kò sọ̀rọ̀.

Ṣé kò sọ̀rọ̀?

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà wo nìyẹn? Oòrùn wà lórí ẹní, mo ń ya àwọn agboòrùn. Kásẹ́ẹ̀tì Láwàlì ń ké, mo ti yí rédíò sókè débi tó lè dé, àwọn onífèrè ń bá àwọn onígìtá jà. Mo gbójú sókè, Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nawọ́ sí aṣọ. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. Mo pariwo pé, "Ẹ ṣé o, Ìyá." Ó dúró díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tún mì, ó kúrú lọ́tẹ̀ yìí. Ó lọ.

Ó rọrùn láti yí rédíò sílẹ̀. Ìka kan ni. Mi ò yí i sílẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ kọ́ mi, mo sì ti kẹ́kọ̀ọ́ tó, mo ti kẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré, kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe tèmi... Ó dáa. Ó sọ ọ́. Mi ò gbọ́. Ìyẹn ò sọ pé Láwàlì ò jẹ̀bi. Láwàlì ló ní kí n fi kún un.

Agboòrùn. Ta ló ní kí n ya agboòrùn?

Dúró ná. Maikirofóònù, òun ni. Gìtá, òun ni. Orúkọ rẹ̀. Rélùwéè. Bàálù. Ó tán? Ó tán. Mo ń wá òmíràn lórí mi, mi ò rí i. Aago ńkọ́? Òkè Olúmọ ńkọ́, àwọn alángbá, àwọn ìyarun, ẹja inú odò Ògùn, àga, rédíò, eyín ayùn tó yí gbogbo etí rẹ̀ ká, àwọn àmì tó-tò-tó kéékèèké tí mo fi dí àárín ẹja àti alángbá, ìlà tí mo fi dí àárín tó-tò-tó? Kò béèrè wọn. Ó tilẹ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, ó bọ́ jígí rẹ̀, ó ní, "Àsíátù, ṣé kò tíì tó báyìí?" Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ fi mí lẹ̀, Bọ̀dá. Ó kù."

Ohùn mi nìyẹn. Ó kù. Ó kù. Kí ló kù?

Mi ò fẹ́ rántí obìnrin yẹn, àmọ́ ó ń bọ̀. Adépéjú, tó ń ta aṣọ lójúde Aké, tó ní ojú tó mọ aṣọ. Ó wá rajà, ó bá aṣọ náà lórí ẹní, kò tíì dé ìdajì. Rélùwéè wà lápá kan, gìtá wà lápá kejì, àárín ṣófo, ó gbòòrò, mi ò tíì mọ ohun tí màá fi sí i. Rárá, kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo ti gbé ìyẹ́ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e kúrò. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Rélùwéè yẹn dà bí ẹni pé ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ nítorí àyè tó wà níwájú rẹ̀. Adépéjú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nàka sí ibi tó ṣófo yẹn, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ọwọ́ Ìyá Bùsírátù nìyí. Mi ò lè ṣì í mọ̀. Wo àárín rẹ̀ bó ṣe ń mí."

Mo ní, "Ẹ ṣé o, mà."

Ó lọ tán, mo da ẹ̀kọ sínú abọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí àárín yẹn. Kò sí Láwàlì níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n fi kún un. Mo fi aago dí i. Mo fi ẹja dí i. Mo payín keke bí mo ti ń dí i, mo ń sọ pé kí n wo ẹni tó máa tún rí ọwọ́ Ìyá níbí. Gbogbo ibi tí mo bá ti rí àyè, ibẹ̀ ni mo rò pé wọ́n á ti tún pe orúkọ rẹ̀. Mo wá ń lépa àyè kiri orí aṣọ bí ẹni ń lépa eku, títí kò fi sí ihò kan fún eku, kò sì sí fún aró.

Ìyá ò sí nílé lọ́jọ́ tí mo fi àárín yẹn sílẹ̀.

Mo tún un rò. Ó lọ sí Ìjẹ̀bú lọ kí ẹni tó bímọ, òun àti Bùsírátù. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé. Mo gbé rélùwéè sí ibi tí mo gbé e sí, kò sẹ́ni tó tọ́ mi sọ́nà. Mo gbé ìyẹ́ dé àárín, mo gbé e kúrò, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú. Ojú mi ló wò ó pé ó tó. Ọwọ́ mi ló dúró. Adépéjú ló ṣì í mọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ṣì í, ojú rẹ̀ ò ṣì í: ó dára, ó ń mí lóòótọ́. Tèmi ni. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi pátápátá lórí aṣọ yẹn, òun ni mo fi ọwọ́ ara mi dí, torí ẹnìkan pe orúkọ mìíràn lé e.

Inú ṣì ń bí mi. Kò lọ. Kò kàn rí ibi tó máa jókòó sí mọ́ ni. Mo gbé e lé Láwàlì, ó yọ̀, mo gbé e lé Ìyá, ó yọ̀.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Ìyá ti bọ́ sẹ́yìn ilé lọ ṣe àlùwàlá, mo ń gbọ́ omi láti inú kẹ́tùlù rẹ̀. Àwọn kan ń bọ̀ ní ọ̀nà, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, ẹnìkan ń ju ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sókè tó sì ń gbá a mú. Wọn ò tilẹ̀ dúró kírun tán. Mo lè wọlé nísinsìnyí, mo lè ṣí àpótí, aṣọ tó dára wà nínú rẹ̀. Mi ò wọlé.

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. Bọ̀dá Láwàlì ń kí ará ilé. Aṣọ tó wà lórí okùn kò ṣeé ya sí fọ́tò, mi ò sì ní òmíràn tó jẹ́ tèmi. Mo dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí màá sọ fún wọn ni pé èmi ni mo bà á jẹ́, àti pé bí wọ́n bá lè dúró de òmíràn, mo mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀: àárín tó ṣófo yẹn.